Ẹ̀yìnlàárò àti Owó Ìwòsàn Rẹ̀

Ní ilẹ̀ wa, orúkọ ajá kì í ṣe orúkọ lásán. Àwọn bàbá wa a máa fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò: ohun tí ẹnu kò lè sọ lójúkojú, wọn a fi pe ajá, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá sì bá wí yóò gbọ́. Nígbà tí ìyá wa tó wà ní Kétu fi ọmọ ajá kan ta wá lọ́rẹ nínú oṣù keje, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ kí wọ́n tó gbé e lé wa lọ́wọ́: Ẹ̀yìnlàárò. A rẹ́rìn-ín. A rò pé aládùúgbò wọn kan ni wọ́n ń fi orúkọ náà bá wí. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí ó tó yé wa pé kò sí ẹni tí orúkọ náà bá wí tó àwa tí a gba ajá.

Inú agbọ̀n ni a gbé e sí. Ọkọ̀ gba Pobè àti Sakété kọjá títí a fi dé Àjàṣẹ́ níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ wa mẹ́ta sì ń bá ara wọn jà lójú ọ̀nà lórí ẹni tí yóò gbé agbọ̀n náà sórí itan. Funfun ni ajá náà, àmì dúdú kan sì wà ní etí rẹ̀ òsì. Kò ju ọmọ oṣù méjì lọ. A ra àwo kékeré kan fún un, a kan ilé onípákó fún un sí ẹ̀yìnkùlé, a sì gbà pé ìnáwó orí rẹ̀ ti parí. Ìrẹsì tó bá kù nínú ìkòkò, orí ẹja, àkàsà tí ọmọ jẹ kù: kí ni ajá tún ń fẹ́?

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára fún wa nínú oṣù kẹjọ. A ní kí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé ná. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni èyí, nítorí pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa àwọn kòkòrò àìfojúrí. Ọdọọdún ni a ń sọ ìtàn Louis Pasteur fún wọn: bí ó ti jẹ́ pé ní ọdún 1885, ajá dìgbòlugi bu ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Meister jẹ, tí wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ léraléra, tí ọmọ náà kò kú. A mọ ọdún, a mọ orúkọ, a mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kọ́ ara ní ìjà kí ọ̀tá tó dé. Ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà wa kò gba ẹyọ kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ku ọ̀sẹ̀ kan, Ẹ̀yìnlàárò kò jẹun. Kò sáré pàdé alùpùpù bí ó ti máa ń ṣe. Ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga, ó sì gbé imú lé ilẹ̀. Ní òru, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbẹ́ rẹ̀ di omi. Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní ó ti jẹ májèlé tí wọ́n dẹ fún eku, kí a fún un ní epo pupa mu. A fún un. Ẹlòmíràn ní kí a lọ oògùn ibà tí a ń lò fún àwọn ọmọ sínú omi fún un. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí a ṣe ìyẹn. Bí a ṣe pàdánù odidi ọjọ́ kan nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́rú mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ìgbẹ́ náà, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àbígbẹ̀yìn wa dúró tì í, kò sunkún, ó kàn ń bi wá pé: “Nígbà wo la máa lọ?” Ọ̀kan nínú wa fi aṣọ ìnura wé ajá náà, èkejì gun alùpùpù, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó kàwé ní Dakar ni dókítà náà. Dakar ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹran tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà dá sílẹ̀ pa pọ̀ wà. Ó fọwọ́ fa awọ ọrùn ajá náà sókè, awọ náà sì dúró bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tí a ká, kò tètè padà sílẹ̀. Ó ní omi ti tán lára rẹ̀. Ó yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò pẹ̀lú ohun èlò kékeré kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ó yíjú sí wa, ó ní: “Ẹ̀yin tíṣà, parvovirose ni.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ kíláàsì. Kòkòrò náà kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Inú ìfun ni ó ti ń jà: ó ń pa awọ inú ìfun tó ń fa omi àti oúnjẹ sínú ara, ó sì ń pa àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ì bá gbèjà. Ìdí nìyẹn tí ajá fi ń bì, tí ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí omi ara rẹ̀ sì ń tán. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí dókítà lè ṣe ni kí ó máa dá omi padà sínú ara ajá, kí ó dá èébì dúró, kí ó sì fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí àwọn kòkòrò mìíràn gba ojú ọgbẹ́ ìfun náà wọlé, títí ara rẹ̀ yóò fi rí agbára jà. Ó ní kò ràn ènìyàn, ṣùgbọ́n ènìyàn lè gbé e wọlé ní àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, nítorí pé ó lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó má kú. A wo bàtà wa. A rántí pé ọmọ ajá kan kú ní ìkẹta ilé wa nínú oṣù kẹjọ, a sì ń gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó kọ owó sílẹ̀. Àyẹ̀wò ara, 5 000 CFA. Àyẹ̀wò ìgbẹ́, 10 000. Omi perfusion àti àwọn abẹ́rẹ́ ọjọ́ kìíní, 12 000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27 000 CFA, lẹ́yìn náà 9 000 ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó lè gba ọjọ́ mẹ́rin sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olùkọ́ mọ bí oṣù kẹsàn-án ṣe máa ń rí. Àpò ìwé, aṣọ káki, bàtà, owó ilé-ẹ̀kọ́: gbogbo wọn ló ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. A ní àpòòwé kan nínú àpótí tí a kọ “Ìwé àwọn ọmọ” sí lára, 27 000 CFA gééré ni ó sì wà nínú rẹ̀. A kò tilẹ̀ jókòó rò ó. Ọ̀kan nínú wa padà sílé lọ mú un wá.

Ti ọjọ́ kìíní tán. Owó tó kù ni ó wá di ìṣòro. A gba 20 000 lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú owó àjọ àwa olùkọ́, a sì ṣe àdéhùn pé a ó yọ ọ́ nígbà tí àjọ bá kàn wá. Lẹ́yìn náà ni a ṣe ohun tí kò yẹ kí a ṣe. Ní gbogbo oṣù ni a máa ń fi 10 000 ránṣẹ́ sí ìyá wa ní Kétu, fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti ohun jíjẹ díẹ̀. Ní oṣù yẹn, 5 000 ni a fi ránṣẹ́. A ní owó oṣù kò tíì wọlé tán. Owó oṣù ti wọlé láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

Irọ́ náà kéré lẹ́nu wa nígbà tí a pa á, ṣùgbọ́n ó bá wa sùn.

Àdúgbò kò pẹ́ gbọ́. Àgbàlagbà kan tó máa ń kí wa láàárọ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ń fa omi sí ajá lára? Ajá tí a ń fi bọ Ògún!” Wọn kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, ó yà wọ́n lẹ́nu ni. Ẹlòmíràn ní owó tí a ná lórí ajá yẹn lè ra ajá márùn-ún ní Kétu. Òótọ́ ni. Ohun tó ń dùn wá ni pé a kò ní èsì tó gún régé láti fọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà ní ìlú yìí tí kò rí 9 000 náà lójúmọ́ fún ìwòsàn ọmọ bíbí inú wọn, a sì mọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ kan nínú wọn ń jókòó níwájú wa ní kíláàsì.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, dókítà náà pè wá jókòó. A ti ná 45 000. Ajá náà kò bì mọ́ láti ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò lè gbé orí. Dókítà ní òun kò fẹ́ kí a máa náwó láìmọ ibi tí a ń lọ. Ó ní bí a bá fẹ́ dúró níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá wa lẹ́bi, òun yóò sì fún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ó jìyà mọ́. Bí a bá fẹ́ tẹ̀síwájú, ọjọ́ méjì tó ń bọ̀ ni yóò sọ ọ́. Òun ti rí èyí tó yè ní irú ipò yìí, òun sì ti rí èyí tó kú, nítorí náà òun kò lè búra. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ṣe fún wa, òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni a kà sí jù, kò sì kọ iye kankan síwájú rẹ̀ nínú ìwé owó.

A jiyàn lóru ọjọ́ náà. A kò fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń sọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onípákó tó ṣófo. Ọ̀kan nínú wa ní: “Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Bí ó bá jẹ́ ikú ni, kí la ń náwó sí?” Èkejì ní: “Ta ló mọ èwo ni?” Ibẹ̀ ni a dé tí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò lórí ajá. A bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa ìdí tí ilé àwọn òṣìṣẹ́ méjì, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún tí a ti ń gbowó oṣù, kò fi ní 60 000 tí a lè mú láìfọwọ́ kan ìwé ọmọ, láìfọwọ́ kan oògùn ìyá. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ibà dá dùbúlẹ̀ ńkọ́? Ajá yìí kò sọ wá di òtòṣì. Ó kàn wá fi ihò hàn wá lára ògiri tí a ti fi aṣọ bò.

A pinnu láti tẹ̀síwájú fún ọjọ́ méjì, kí a má sì kọjá bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ó rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a sọ fún dókítà pé 7 000 péré ló kù lọ́wọ́ wa. Ìtìjú bá wa láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a ti sọ ọ́ ni ọ̀nà là. Ó ní kí a san 7 000 náà, kí 11 000 tó kù di òpin oṣù. Ó ní a kò tún ní láti fi ajá náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun mọ́jú: kí a máa gbé e wá láàárọ̀, kí a máa gbé e lọ nírọ̀lẹ́, kí a sì máa fi abẹ́rẹ́ tí a ti yọ ẹnu rẹ̀ kán omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ lóru. Ó kọ́ àkọ́bí wa bí a ti ń ṣe é. Ó tún ní kí a fi omi Javel fọ ilẹ̀ àti àwo rẹ̀, ìwọ̀n Javel kan sí ìwọ̀n omi ọgbọ̀n, kí a sì jẹ́ kí ó dúró díẹ̀ kí a tó fi omi ṣàn án, nítorí pé ọṣẹ lásán kì í pa kòkòrò yẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Ẹ̀yìnlàárò dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń gbọ̀n, ó lọ sí ibi ìkòkò omi, ó lá a. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jẹ ìrẹsì rírọ̀ ṣíbí mẹ́ta pẹ̀lú omi ẹja. Àbígbẹ̀yìn wa tó ti ń bi wá ní ìbéèrè láti ọjọ́rú kò bi wá ní nǹkan kan mọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sun ẹkún tí kò sun tẹ́lẹ̀.

Àpapọ̀ owó náà jẹ́ 63 000 CFA. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta tí ì bá gbà á lọ́wọ́ àrùn yìí, 24 000 ni ì bá ná wa lọ́dọ̀ dókítà kan náà.

Ẹnu ọmọ ni ìyá wa ti gbọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, àkọ́bí wa ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ tayọ̀tayọ̀: perfusion, Dakar, owó, gbogbo rẹ̀. A wà nínú yàrá kejì, a gbọ́, ọkàn wa sì já. Nígbà tí a gba fóònù, ìyá wa dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé: “Ṣé ajá náà ti ń jẹun dáadáa?” A ní ó ti ń jẹun. Wọ́n ní: “Ẹ ṣeun. Ẹ̀mí ni. Bí ẹ bá sọ fún mi pé ẹ fẹ́ fi owó oògùn mi wo ajá, màá sọ pé kí ẹ mú un, màá yá oògùn lọ́wọ́ ìyá kejì ilé, àwa náà máa ń yá ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ ní owó oṣù kò wọlé. Mo ti ń gbàdúrà sí owó oṣù yín láti ọ̀sẹ̀ méjì.”

A kò rí nǹkan sọ. A tọrọ àforíjì. Ọjọ́ kejì ni a fi 5 000 tó kù ránṣẹ́ sí wọn, láti inú owó oúnjẹ, a sì jẹ gàrí ju bí a ti máa ń jẹ ẹ́ lọ ní oṣù náà. Àwọn ọmọ wọ aṣọ káki ọdún tó kọjá wọ ilé-ẹ̀kọ́, ìwé ìṣirò wọn sì pẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò kùn. Wọ́n mọ ibi tí owó náà lọ, ó sì jọ pé mímọ̀ yẹn ló mú un fúyẹ́ fún wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, tí ẹ ń gba ọmọ ajá tàbí ológbò sílé nítorí pé ó wuyì, a kò ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè iye tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì ka owó náà mọ́ owó ìgbàsílé. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àrùn tí a sọ yìí, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síra títí ọmọ ajá yóò fi tó oṣù mẹ́rin, nítorí pé ohun tó mu nínú wàrà ìyá rẹ̀ lè dí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ti dìgbòlugi tún wà, èyí tí kì í ṣe ti ajá nìkan. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ó ti kọjá ohun tí oògùn lè wò.

Bí àìsàn bá sì dé láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe tijú dókítà. Ẹ béèrè iye owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ó kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í léèrè èyí tí kò ṣeé yọ àti èyí tó lè dúró, àti ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe nílé. Ẹ sọ iye tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jókòó, ẹ dá iye tí ẹ kò ní kọjá, kí ẹ tó kọjá á. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù fún àwa ni pé kí ẹ sọ fún ẹni tí ìnáwó náà yóò kàn.

Ilé mẹ́fà ní àdúgbò wa ni ó ti da owó pọ̀ báyìí. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá 500 CFA lọ́sẹ̀, ó jẹ́ 12 000 lóṣù. A pe dókítà náà wá sí àdúgbò ní oṣù kejìlá, ó gún ajá mọ́kànlá ní àárọ̀ ọjọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò. Àgbàlagbà tó sọ̀rọ̀ Ògún fún wa lọ́jọ́sí ni ó kọ́kọ́ fa ajá tiwọn wá. Wọ́n wò wá, wọ́n ní: “Ẹ má sọ nǹkan kan o.” A kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yìnlàárò ti di ajá ńlá báyìí. Bí a bá pè é lálẹ́ kí a tó ti ilẹ̀kùn, gbogbo àdúgbò a máa gbọ́ orúkọ náà, àwa tí a ń pè é sì ni a ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ.